Ife Sódà Méjìlá Bàbá Wa

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù keje, 2025. Ṣakí.

Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò sì dá títí di ọ̀sán. Mo gbé báàfù mẹ́ta sínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá níbi tí òrùlé ti ń jò, gbogbo wọn kún kí aago mẹ́wàá tó lù. Mo ń da omi nù lọ́wọ́ ni Bùọ̀dá Mọ́nsúrù pè láti Ìgànná. Kò tilẹ̀ béèrè àlàáfíà mi. Ó ní ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù náà ti ṣe tán, pé ó fẹ́ wó o, kó kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa ta fóònù.

Mo ní, "Ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá ti ta sódà láti ọdún 1961? Èyí tí gbogbo Ṣakí fi ń pè wọ́n ní Bàbá Onísódà títí wọ́n fi kú?"

Ó ní, "Misturat, Bàbá ti lọ, sódà ti tán, òjò sì ti jẹ òrùlé. Ta ló fẹ́ tún un ṣe? Ṣé owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ni?"

Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn ló bí mi nínú. Mo ní èmi ni n óò tún un ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fún mi di ìgbà tí òjò ọdún yìí bá dáwọ́ dúró. Bí páànù tuntun bá bo gbogbo rẹ̀ nígbà náà, òun ò ní dárúkọ títà mọ́ láyé òun. Bí kò bá bò ó, kí n má ṣe fi ẹnu mi bá òun jiyàn.

Mo pa fóònù tán kí n tó rántí pé n kò ní owó kankan.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹta.

Káfíńtà wá wo òrùlé. Ó gun àkàbà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó mi orí, ó ní ₦1,500,000. Mo fún un lómi tútù, ó mu ún, ó lọ.

Kíkẹ́ ọmọ mi pè láti Ìbàdàn. Ó ní ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀ tó ń ra ife àti ìgò àtijọ́, Débọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ní kí n ya àwòrán ife sódà Bàbá tó wà lọ́wọ́ mi, kí n yà wọ́n lóòró, kí n sì dorí wọn kodò kí n ya ìdí wọn. Mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi. Mo yà wọ́n, mo fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù kí ọmọ náà lè jẹ́ kí n sinmi. Ife ni, kí ló lè mú jáde?

Sátidé, ọjọ́ karùn-ún.

Débọ́lá fúnra rẹ̀ pè. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Ó bi mí ibi tí Bàbá ti rí wọn. Mo ní ọwọ́ kòráà kan, ará Lébánónì, ní Ìbàdàn tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú wọn, òun ló ta ẹ̀rọ sódà àti ife méjìlá fún wọn. Mo sọ fún un bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́búlẹ́bú pákó bo yìnyín láti Ìbàdàn kó má baà yọ́ tán kó tó dé Ṣakí. Ó ní ẹ̀ẹ́n, ẹ̀ẹ́n, Mọ́mì, ẹ máa sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ló wá dá mi lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ife wọ̀nyí, fún ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi gáàsì po omi dídùn, tí wọ́n á tún ju áísìkirîmù lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi fẹ̀, kí ṣíbí lè ráyè wọlé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo, kó má baà ṣubú. Ojúlówó rẹ̀ ní ìràwọ̀ kékeré nídìí, bí èèyàn bá sì fi èékánná ta á, á dún pẹ́.

Ó ní ẹyọ kan, ₦60,000. Fóònù fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ṣùgbọ́n bí méjèèjìlá bá pé, tí kò sí èyí tó sán, tí kò sí èyí tó bù lẹ́nu, ₦1,800,000 ni òun máa san, nítorí pé ẹni tí òun fẹ́ gbé e fún ò fẹ́ gbọ́ mọ́kànlá. Ó ní pípé wọn ni iyì wọn. Òun á wá lọ́gbọ̀njọ́ oṣù kẹjọ. Ó tún ní kí n má ṣe fọwọ́ kan nǹkan kan lára wọn.

Òrùlé Bàbá dé nìyẹn, owó sì tún ṣẹ́ kù. Àfi pé ìdílé wa ni a wà. Nígbà tí Bàbá kú lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n pín oko ní ìdí-igi mẹ́ta, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ìdí kan, wọ́n pín àpótí, wọ́n wá pín ife pẹ̀lú! Mẹ́rin lọ sí Ìgbòho, sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà tí í ṣe ìyáálé àti Ọ̀ṣẹ́nì ọmọ wọn. Mẹ́rin lọ sọ́dọ̀ Bùọ̀dá Mọ́nsúrù àti Jẹ́ẹ́dé àbúrò rẹ̀, tí ìyá tiwọn ti kú. Mẹ́rin kan èmi, nítorí ìyá mi Àsíátù, ìyàwó kékeré, tóun náà ti lọ. Ta ló ń pín ife? Àwa ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án. Ìgànná.

Ọlọ́kadà gbé mi wọ ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ mi pupa láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Bùọ̀dá Mọ́nsúrù ní òun ò ní dí mi lọ́wọ́, òun fẹ́ wo ibi tí n óò gbé e dé. Ife méjì ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀, méjì wà lọ́dọ̀ Jẹ́ẹ́dé ní Òfìkì.

Ọ̀kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí eruku bò. Èkejì wà nínú apẹ̀rẹ̀ gàrí ìyàwó rẹ̀. Òun ló fi ń bu èènì fún oníbàárà! Ife ₦60,000! Ìyàwó náà ní òun ò lè fi í sílẹ̀, nítorí pé ojú ife yẹn làwọn oníbàárà mọ̀, bí òun bá fi òmíràn bù, wọ́n á ní òun ti dín èènì kù. Mo lọ ra ife rọ́bà. A fi gàrí wọ̀n ọ́n lójú oníbàárà mẹ́ta. Obìnrin kan ní ti rọ́bà kéré. A tún un wọ̀n. Ó ní ó ṣì kéré. Mo ra rọ́bà tó tóbi jù ú lọ, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run á bù kún mi. Ìyàwó Mọ́nsúrù kò rẹ́rìn-ín rárá.

Mẹ́fà.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá. Òfìkì.

Jẹ́ẹ́dé kó ife kan fún mi láìjanpata, mo ṣàdúrà fún un. Èkejì ni ọkọ rẹ̀ ń kó eyín àtọwọ́dá sí. Bàbá náà wò mí, ó ní, "Ibo lẹ fẹ́ kí n máa kó eyín mi sí?"

Mo ti mọ̀ pé irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀, mo mú ike onídèrí kan dání, èyí tó dára, aláwọ̀ búlúù. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní òun ò fẹ́ ẹ. Ó ní bí òun bá jí, òun fẹ́ máa rí eyín òun láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo tún lọ sí ọjà Òfìkì nínú oòrùn lọ wá ike tó mọ́ gaara. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí o.

Mẹ́jọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún. Ìgbòho.

Ọkọ̀ kan tó ń kó iṣu ni mo bá lọ. Iṣu tuntun ti dé, àwọn èèyàn sì ń sọ iye tí wọ́n ń tà á láìtijú.

Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ Àsíátù, o káàbọ̀. Kíkẹ́ ńkọ́?" Mo ní ó wà. Wọ́n ní, "Kí lo wá mú?" Mo ní ọ̀rọ̀ kékeré kan ni, kí wọ́n má ṣèyọnu, èmi àti Ọ̀ṣẹ́nì la máa yanjú rẹ̀. Wọ́n ní ó dáa.

Ọ̀ṣẹ́nì kó mẹ́ta jáde, wọ́n wà nínú ìró àtijọ́ kan ní ìsàlẹ̀ àpótí ìyá rẹ̀, wọ́n ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà wọ́n. Ẹ̀kẹrin ńkọ́? Ó ní wọ́n yá a níbi yìgì ẹnìkan lọ́dún tó kọjá. Ilé tó yá a ní àwọn ti yá ilé kejì níbi ìsọmọlórúkọ. Ilé kejì ní ó dà bíi pé ó bá abọ́ lọ sílé kẹta. A fi ẹsẹ̀ rin Ìgbòho títí di ìrun Àsárì. Ọ̀ṣẹ́nì ń kí gbogbo èèyàn tó bá rí, ó ń dúró, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ iṣu. Mo fẹ́ẹ̀ fi í sílẹ̀ lójú títì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ìgbòho.

Wọ́n rí i. Ọwọ́ Ààfáà ilé kéú ló wà. Òun ló fi ń fún àwọn èèyàn ní hàǹtú mu, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wáláà. Mo ní kó jẹ́ kí n mú un lọ tà, ó ní, "Alhaja, ife tó ti gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láti ọdún tó kọjá, ẹ fẹ́ gbé e lọ fún ẹni tó fẹ́ fi mu ọtí?" Mo ní kò sí ẹni tó fẹ́ fi mu nǹkan kan, wọ́n kàn fẹ́ máa wò ó ni. Ó ní kí ni èèyàn ń wo ife fún? Ìbéèrè gidi ni.

Ó tó wákàtí méjì kó tó gbà. Ó ní kí a fọ̀ ọ́ ní ìdí ìtàkùn tí ẹsẹ̀ ò lè tẹ̀, kí a sì fún òun ní ife tuntun méjì. A fọ̀ ọ́ nídìí ìtàkùn. Mo ra ife méjì. Ó ṣàdúrà fún mi tó gùn ju ìwàásù Jímọ̀ lọ.

Méjìlá! Alihamudu lilahi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ.

Bùọ̀dá Mọ́nsúrù pè, ó ní báwo ni àwọn ife ọba ṣe ń ṣe. Mo ní wọ́n ń kí i.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá.

Mo to méjèèjìlá sórí tábìlì. Ìdí wọn burú lójú. Nílé wa, bí wọ́n bá ń yá abọ́ àti ife níbi ìnáwó, ọ̀dà ìdí rẹ̀ ní í mú un padà wálé, nítorí náà olúkúlùkù ti kun tirẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti pín wọn. Tàwọn Mọ́nsúrù pupa, ti Ìgbòho funfun, tèmi aláwọ̀ ewé. Ṣé báyìí ni èèyàn ṣe ń gbé ọjà olówó ńlá síwájú ẹni tó fẹ́ rà á? Débọ́lá ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n. Ọmọ ọkùnrin, kí ló mọ̀ nípa ìfọṣọ àti ìfọbọ́? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ètò ilé. Mo fi epo òyìnbó rẹ ọ̀dà náà, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ parí rẹ̀. Ó gbà mí ní gbogbo ọ̀sán. Bí oòrùn ṣe bọ́ sí wọn lára, mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Inú mi dùn lónìí, kí n má purọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá.

Bùọ̀dá Mọ́nsúrù gbọ́ lẹ́nu Kíkẹ́ pé mo ti fọ ọ̀dà kúrò. Ó ní báwo ni òun ṣe máa mọ tòun. Mo ní irú kan náà ni wọ́n, kí ló fẹ́ mọ̀ níbẹ̀? Ó ní, "Misturat, ìwọ ni tíṣà, ìwọ lo sì pa àmì rẹ́." Mo fi í sílẹ̀ kó máa sọ.

Jímọ̀, ọjọ́ kejìlélógún.

Atẹ́gùn ṣí páànù méjì lọ. Wọ́n bá ọ̀kan nínú ọgbà ẹlòmíràn. Báàfù ti di márùn-ún.

Sátidé, ọgbọ̀njọ́. Ọjọ́ Débọ́lá.

N óò kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo ní kí gbogbo wa pé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo rẹ́ òun jẹ. Bùọ̀dá Mọ́nsúrù wá fún òun àti Jẹ́ẹ́dé, Ọ̀ṣẹ́nì sì gbé Ìyá Àgbà wá láti Ìgbòho. Débọ́lá dé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun àti gíláàsì tí wọ́n fi ń wo nǹkan kékeré. Ó dorí ife àkọ́kọ́ kodò, ó wò ó, ó wá wò mí. "Mọ́mì, ọ̀dà ìdí rẹ̀ ńkọ́? Èyí tó wà nínú àwòrán?"

Mo ní mo ti bá a fọ̀ ọ́ kúrò. Ó jókòó. Ó ní ọ̀dà yẹn ni ìtàn wọn, òun ni ì bá fi hàn pé ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá lò wọ́n, pé wọ́n kì í ṣe èyí tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé. Ó ní ó dára, kò dín owó kù, ó kàn dun òun ni. Bùọ̀dá Mọ́nsúrù ń wo òkè àjà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dún, ìró wọn ń gùn, ó dára létí. Ìkẹjọ kò dún. Ó tún un ta. Ó ṣe kó, ó parí. Ó gbé e lé ọwọ́ kan, ó gbé òmíràn lé ọwọ́ kejì, ó ní èyí fúyẹ́. Ó wo ìdí rẹ̀. Kò sí ìràwọ̀ níbẹ̀. Ó ní ẹnìkan ló wá èyí tó jọ ọ́ fi dí àlàfo. Mọ́kànlá ni ojúlówó.

Ta ló ni ìkẹjọ? Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Èmi ni mo fọ ọ̀dà, n kò sì wo ìràwọ̀.

Bùọ̀dá Mọ́nsúrù ní, "Èyí tó rin Ìgbòho já ni. Ọ̀dọ̀ Ààfáà ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀." Ọ̀ṣẹ́nì dìde, ó ní kí wọ́n má pe Ààfáà lólè, pé ẹni tó ń bu gàrí ni kí wọ́n bi. Mo ní ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó, tèmi ò kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọdún mẹ́sàn-án, nítorí náà ó hàn pé àwọn tó ń fi ife ṣeré ló jẹ̀bi. Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo fi ìka nà wọ́n.

Ìyá Àgbà ló wá dá sí i. Wọ́n ní, "Ọ̀dọ̀ mi ni. Ẹ fi Ọ̀ṣẹ́nì sílẹ̀. Èmi ni mo fọ́ ọ̀kan, mo wá òmíràn dípò rẹ̀."

Mo wá la ẹnu mi, mo ní, "Ìyá, ẹ ò bá ti sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí n máa sáré kiri bí ajá!" Ohùn tí mo fi ń bá ọmọ kíláàsì kìíní wí ni mo fi sọ ọ́, lójú àlejò. Ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú." Ọ̀ṣẹ́nì mú ọwọ́ wọn, wọ́n lọ, wọn ò jẹun.

Débọ́lá san ₦60,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́kànlá. Mo ní kó kó wọn máa lọ, bóyá owó náà á tó bo apá iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi bébà wé wọn, ó tò wọ́n sínú àpótí. Ó fi ìkẹjọ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kò níye.

Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án.

Káfíńtà ní kò sí ohun tó ń jẹ́ apá iwájú, bí igi òrùlé bá ti jẹrà, gbogbo rẹ̀ ló jẹrà. Páànù sì ti tún gbówó lórí. Ó ní kí n má bínú. Gbogbo èèyàn ní kí n má bínú, wọ́n á sì ṣe ohun tó ń bí mi nínú.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrin.

Bùọ̀dá Mọ́nsúrù pè. Ó ní kò sí ìdí láti dúró de òjò mọ́, ó ti hàn. Ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù máa kó ìwé wá lọ́jọ́ karùndínlọ́gbọ̀n kí a lè fọwọ́ sí i. Mo ní mo ti gbọ́.

Ajé, ọjọ́ kẹjọ.

Débọ́lá fi àwòrán kan ránṣẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, mo ń to àwọn àwòrán ife yín jọ, mo sì rí èyí tí n kò fara balẹ̀ wò nígbà náà. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ rí i."

Àwòrán tí mo yà lóṣù keje ni, ife tèmi mẹ́rin tó dorí kodò, ọ̀dà aláwọ̀ ewé nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìràwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà lára mẹ́ta. Kò sí lára ẹ̀kẹrin.

Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí. Mo bọ́ awò mi, mo nù ún, mo tún wò ó. Tèmi ni. Ife tí kò kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi ni. Ìyá arúgbó náà mọ̀ pé kì í ṣe tàwọn, wọ́n sì gbà á sọ́rùn, mo wá bá wọn wí. Ojú ń tì mí débi pé n ò lè jẹun. Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é? Ta ló ní kí wọ́n ṣe é?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá.

Mo pe Bùọ̀dá Mọ́nsúrù, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé á bú mi. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ." Ìyẹn burú ju èébú lọ. Mo pe Ọ̀ṣẹ́nì, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wá sọ ọ́ fún wọn fúnra yín," ó pa fóònù.

Mo fẹ́ lọ lọ́la, wọ́n ní omi ti gbé afárá kékeré kan lọ lójú ọ̀nà. Òjò yìí ò wá fún rere.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún. Ìgbòho.

Mo dé ibẹ̀ ní ọ̀sán. Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, wọ́n ṣì wà lórí ẹní. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí pé ìkúnlẹ̀ kò tó lójú mi. Mo na fóònù sí wọn, wọ́n ní ojú àwọn ò ríran mọ́ lára nǹkan tó kéré tó yẹn, kí n sọ ọ́ lẹ́nu. Mo sọ ọ́ lẹ́nu. Mo bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù." Wọ́n wá sọ fún mi.

Wọ́n ní ọdún tí ìyá mi wọlé, kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, oyún mi ló wà nínú rẹ̀. Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe Iléyá, ó ń fọ ife nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan bọ́, ó fọ́. Ó kó èéfọ́ rẹ̀ pamọ́ sínú eérú, ó wá jókòó tì í, ó ń sunkún, nítorí pé ìyá Mọ́nsúrù ti ń sọ kiri pé ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun náà kò dára, pé láti ọjọ́ tó ti wọlé ni ọjà ti dẹ̀. Bàbá bá a níbẹ̀. Bàbá lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì wá irú rẹ̀, èyí tó jọ ọ́ jù ni wọ́n rà. Wọ́n gbé e sáàárín àwọn yòókù. Ìyá Àgbà nìkan ni wọ́n sọ fún, nítorí pé Ìyá Àgbà ló ń nu ife lójoojúmọ́, ọwọ́ wọn ì bá mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ní, "Bàbá yín ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò sọ iye ọdún tí n ò fi ní í sọ."

Mo ní ṣùgbọ́n báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ mi? Wọ́n ní, "Ta ló ka ife fún yín lọ́jọ́ ogún? Tìyá rẹ ni. Ibòmíràn wo ni kí n gbé e sí?"

Mo sunkún. Mo sunkún fún ìyá mi tí wọ́n ń sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára, fún Bàbá nínú ọkọ̀ Ìbàdàn nítorí ife ẹyọ kan, àti fún ẹnu mi tí kò lè dákẹ́. Nígbà tí ó rọlẹ̀ díẹ̀, mo ní ohun tó tún dun èmi ni pé ṣọ́ọ̀bù náà ti bọ́, Àlàmísì ni wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé.

Wọ́n yí ojú sí mi. Wọ́n ní, "Ìka ta ni wọ́n fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní ti Bùọ̀dá Mọ́nsúrù àti Jẹ́ẹ́dé, tèmi, ti Ọ̀ṣẹ́nì.

Wọ́n ní, "Opó ò ní ìpín mọ́? Ààfáà tó pín ogún ò wí i lójú gbogbo yín pé tèmi wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, pé kò sẹ́ni tó lè tà á láìjẹ́ pé mo tẹ̀ka?"

Mo rántí. Ó wí i. Gbogbo wa la jókòó níbẹ̀ tí a gbọ́ ọ, a sì jáde, a lọ ń jà lórí àpótí.

Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n tà á ni?"

"N ò fẹ́. N ò ní í tẹ̀ ẹ́. Bí òrùlé bá fẹ́ jò, kó máa jò, ibẹ̀ ni mo ti lo ọdún márùndínlọ́gọ́ta."

Oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹrẹ̀ Ìgànná, eyín ọkọ Jẹ́ẹ́dé, ìdí ìtàkùn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

Wọ́n ní, "Ẹ ò bi mí."

Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n há a sí abíyá. Wọ́n ti fẹ́ wọ inú ilé lọ kí wọ́n tó tún yíjú padà sí mi.

"Àwọn ife yẹn náà," wọ́n ní, "ẹ ò bi mí kí ẹ tó tà wọ́n."